Wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn ò rí àyè fún un

ÌyáÀkọ́bí:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí inú Olúwa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún méje. Ọ́tísíìmù ni dókítà pe ohun tó ní. Ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ju ogún lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá orin ìyìn sílẹ̀ báyìí, á kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ara rẹ̀ kò gbà ni kí sípíkà hu lójijì, tàbí kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á wọ abẹ́ àga lọ, á wá figbe ta. Kì í ṣe igbe ọmọ tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́. Igbe ẹni tí nǹkan gún ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, lẹ́yìn ìsìn, alàgbà méjì pe èmi àti ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní purọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àdúrà ń lọ lórí ọmọ náà, Ọlọ́run á ṣe é. Wọ́n wá ní kí ìwòsàn náà tó dé, ṣé ọ̀kan nínú wa kò lè máa dúró tì í nílé, kí àwọn ará yòókù lè fọkàn bá ìwàásù lọ. Ọkọ mi ní, "A ti gbọ́, sà." Èmi ò lè fọhùn. Inú mọ́tò ni omi ti bọ́ lójú mi. Ọmọ náà nawọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò mí létí. Ohun tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tí nǹkan bá pọ̀ jù fún un.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé kí n jókòó sílé? Ṣé ká wá ìjọ mìíràn? Àbí èmi ni mò ń béèrè ohun tó pọ̀ jù? Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un, mo sì dúpẹ́, torí mo mọ àwọn tó ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́rin yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bi mí pé, "Kí ló ń dùn ún gan-an?"

BàbáMẹ́ta:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ibi ọwọ́ tó fi bò yín létí yẹn, mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ní Down syndrome, wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ọpọlọ rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀; ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Ohun tí wọ́n fi ní ká yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọdé nígbà kan ni pé ó ń dì mọ́ gbogbo èèyàn. A kúrò ní ìjọ náà. Mi ò ní kí ẹ ṣe bíi tiwa o, torí ìbínú ni mo fi kúrò, mi ò fara balẹ̀ rò ó, ọmọ náà sì pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní. Ẹ má pinnu ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín rọlẹ̀ ná.

JagunjagunÀdúrà:

Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ń kọrin tí kò lè sọ̀rọ̀, tó ń wọ abẹ́ àga nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, nǹkan kan ló dè é láhọ́n. Ẹ wádìí ìdílé bàbá àti ti ìyá. Ẹ gbààwẹ̀ lé e, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn gba ipò ìgbàgbọ́. Nínú Máàkù orí 9, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò lè lé ẹ̀mí tó wà lára ọmọdékùnrin yẹn jáde, Jésù sì sọ fún wọn pé àdúrà ló ń lé irú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé:

Ẹ̀gbọ́n JagunjagunÀdúrà, mo bọ̀wọ̀ fún ìtara yín, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá lọ bẹ́ẹ̀, torí ojú mi ti rí ibi tó máa ń já sí.

Nínú orí 9 kan náà yẹn, kí Jésù tó ṣe ohunkóhun, ó kọjú sí bàbá ọmọ, ó bi í pé ó ti tó ìgbà wo tí èyí ti ń ṣe é. Bàbá náà ní láti kékeré ni, ó sì rò ó bó ṣe máa ń gbé ọmọ ṣubú sínú iná àti sínú omi. Olúwa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí. Ohun tí Ìyá Àkọ́bí ń wá láti ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Ní ti ìwádìí ìdílé, ẹ rántí Jòhánù orí 9. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu ni pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Olúwa ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Kí la tún ń kàn án fún?

Àwọn dókítà pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Leo Kanner ló kọ̀wé nípa ọ́tísíìmù ní 1943 lọ́nà tí ayé fi gbọ́ nípa rẹ̀, ọmọ mọ́kànlá ló sì ṣàpèjúwe. Lẹ́yìn náà ni èrò kan gbilẹ̀ pé ìyá tí kò fìfẹ́ hàn sí ọmọ rẹ̀ tó ló ń fà á. Ẹ ronú kan àwọn ìyá tó gbé ẹ̀bi yẹn lọ sílé láti ọ́fíìsì dókítà, tí wọ́n ń wo ọmọ wọn lójú oorun tí wọ́n ń wádìí ara wọn. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, kọ ìwé kan ní 1964 láti fi hàn pé inú ọpọlọ ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Ohun tí a mọ̀ lónìí náà nìyẹn. Kí wọ́n tó bí ọmọ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà, ohun àjogúnbá sì kó ipa tó pọ̀ nínú rẹ̀, bí gíga àti àwọ̀ ṣe máa ń tẹ̀lé ìdílé láìjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ọmọ kan tó ní ọ́tísíìmù máa ń ní wárápá pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí àdúrà dá oògùn wárápá dúró lójijì. Gìrì tó máa ń tẹ̀lé e lè gba ẹ̀mí. Bí gìrì bá mú ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kó àga kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí gìrì náà bá ti rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó lè mí dáadáa. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó ta jí, ilé ìwòsàn ni, kíá. Kò sí ibi tí àdúrà ò ti lè máa lọ nínú gbogbo èyí. Èmi máa ń gbà á bí mo ṣe ń wo aago.

AlàgbàKan:

Alàgbà ni mí níjọ tiwa. Kì í ṣe ìjọ tí Ìyá Àkọ́bí ń sọ, ṣùgbọ́n mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn òbí kan rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ẹnì kan wà ní ìlà ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin aya rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú ló wá gbọ́. Igbe ọmọ sọ, ìwàásù dúró, gbogbo orí yí padà. Ojú alàgbà ni wọ́n ń wò. A ò mọ ohun tí a lè ṣe, torí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Ẹni tí kò bá mọ̀nà, èyí tó kúrú jù ló máa ń tọ̀, èyí tó kúrú jù náà sì ni "ẹ máa fi í sílé". Mi ò ní ó dára. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ni ì bá dára ká ṣe?

Olùkọ́KíláàsìỌmọdé:

Alàgbà, ẹ ṣé tí ẹ bèèrè. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀, àṣìṣe ló kọ́ mi.

Ẹ wo Máàkù orí 7. Wọ́n mú adití kan tó ń kólòlò wá sọ́dọ̀ Jésù. Ohun tí Olúwa kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú un kúrò láàárín èrò, ó di àwọn méjì péré. Lẹ́yìn náà ló ti ìka bọ̀ ọ́ létí, tó sì fọwọ́ kàn án láhọ́n. Ọkùnrin tí kò gbọ́ràn ni, ìyẹn ni Olúwa ṣe fi ọwọ́ bá a sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ibi tó pa rọ́rọ́, àti èdè tó lè yé ẹni náà. Iṣẹ́ wa ní kíláàsì kò ju méjèèjì yẹn lọ.

Ibi tó pa rọ́rọ́ kò nílò yàrá tuntun. Igun kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni tiwa. Ẹní wà níbẹ̀, tìmùtìmù kékeré kan, iná ibẹ̀ kò tàn jù. Ohun ìbotí bíi irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ máa ń dé sétí kọ́ sára ògiri. A kì í lé ọmọ lọ síbẹ̀ o. Òun ló ń lọ nígbà tó bá fẹ́, òun ló ń padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi igun yẹn jẹ ọmọ níyà, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn, kò tún ní wúlò mọ́.

Ọmọdébìnrin kan wà tó máa ń sá jáde kété tí a bá ti jókòó, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. A pè é ní alágídí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí olùrànlọ́wọ́ mi kan tó lọ jókòó sórí àga ọmọ náà gan-an, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ nǹkan." Gílóòbù gígùn tó wà lókè àga yẹn ń hùn, ó sì ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Etí wa ti mọ́ ọn lára, ti ọmọ náà kò mọ́ ọn. A gbé àga rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, kò sá mọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí.

Èdè ńkọ́? Nínú Lúùkù orí 1, nígbà tí Sekaráyà kò lè fọhùn, wọ́n ṣe àmì sí i láti bèèrè orúkọ ọmọ, ó gba wàláà, ó kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró dìgbà tí ohùn rẹ̀ bá là kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Tiwa ni káàdì kéékèèké tí a ya nǹkan sí: orin, àdúrà, Bíbélì, omi, ilé ìtura, ilé. A so wọ́n mọ́ okùn kan bí ètò ìsìn ṣe tò, bí ọ̀kan bá ti parí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ á yí i dojú dé. Ọmọ tó mọ ohun tó kàn, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń dín kù gan-an. Ọ̀nà kan wà tí Andy Bondy àti Lori Frost gbé kalẹ̀ ní 1985, tí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ fi ń kọ́ láti fi àwòrán ohun tó fẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Alàgbà, ní ti igbe láàárín ìwàásù, ẹ bá oníwàásù sọ ọ́ ṣáájú. Kó dúró díẹ̀, kó sọ pé, "Ọmọ wa ni," kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ̀ kò bá le, ojú ìjọ kò ní le. Kí ẹnì kan sì wà tí wọ́n yàn, ẹni kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò bá ọmọ náà lọ sí igun rẹ̀. Kó má jẹ́ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìgbà wo ni ìyá yẹn ti gbọ́ ìwàásù parí kẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ní iṣẹ́ pẹ̀lú. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé àwọn ẹ̀yà ara tó dà bíi pé wọ́n ṣe aláìlágbára gan-an ni a kò lè ṣe aláìní. Bí ọmọ bá ń wá síbi tí kò sí ohun kan tó máa yingin bí kò bá wá, àlejò ló ṣì jẹ́ níbẹ̀.

ÌyáÀkọ́bí:

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí. Nígbà tí mo dé ibi "ọmọ wa ni", ó dìde kúrò nínú yàrá.

Olùkọ́, ọmọ mi fẹ́ràn nọ́ńbà. Ó máa ń dúró níwájú pátákó tí wọ́n ń kọ́ nọ́ńbà orin sí, á fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ padà lọ bá àwọn alàgbà wọ̀nyí láìjọ pé ìjà ni mo bá wá?

AlàgbàKan:

Ẹ má ko ẹjọ́ lọ, ẹ mú ohun kan ṣoṣo lọ tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bí òbí bá to ohun mẹ́wàá kalẹ̀ fún wa, ìgbìmọ̀ la máa gbé e fún, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìlà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì rẹ sípíkà ìhà yẹn sílẹ̀. Alàgbà tó bá ti ṣe ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa bèèrè èyí tó kàn. Kí bàbá ọmọ bá yín lọ. Kí ọmọ náà bá yín lọ pẹ̀lú, bó bá ṣeé ṣe. Ó le fún wa láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọmọ.

ÀbúròNiMí:

Èmi ò tíì bímọ. Mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ́ àbúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní cerebral palsy. Nígbà ìbí rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò dé ọpọlọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò rìn, ṣùgbọ́n kò sóhun tí kò yé e. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ ọ́n torí mo máa ń kà á sókè bí bàbá mi bá ń gbé e gùn ún, òun náà á máa bá mi kà á. Nígbà tó pé ọdún mẹ́rìnlá, ó ti wúwo ju agbára bàbá mi lọ. Láti ìgbà yẹn, bí màmá mi bá lọ sí ìsìn, bàbá mi á dúró sílé. Bí bàbá bá lọ, màmá á dúró. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí gbogbo wa tún jókòó sórí ìlà kan náà. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọ ra ohun èlò orin tuntun. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹsẹ̀ wọn ló ń gun àtẹ̀gùn, wọn ò sì ní ìdí láti kà á.

Ìyá Àkọ́bí, bí ọmọ mìíràn bá wà lẹ́yìn èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú òun náà jáde lóun nìkan nígbà míì. Mo dákẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré kí n má baà di ẹrù kún ẹrù. Wọ́n rò pé ara mi yá gágá ni.

Ọwọ́LóŃSọ̀rọ̀:

Adití ni mí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Mo ti láya, mo ti bímọ, onígbàgbọ́ ni mí.

Kí n tó pé ogún ọdún, wọ́n ti pè mí síwájú pẹpẹ fún ìwòsàn ju iye tí mo lè kà lọ. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, mo máa ń mọ èémí wọn létí mi bí wọ́n bá ń pariwo sínú rẹ̀, wọ́n á ní kí n sọ "Halelúyà". Bí etí kò bá là, ojú tí wọ́n fi ń wò mí á yí padà, bíi pé èmi ni mo kọ ìwòsàn. Nínú gbogbo ìjọ yẹn, obìnrin kan péré ló lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kíni ní "ẹ káàárọ̀". Lẹ́yìn náà ó kọ́ "Jésù", tí à ń fi ìka àárín kan àtẹ́lẹwọ́ kejì, ní ọ̀tún àti ní òsì, ibi tí ìṣó wọ̀. Obìnrin yẹn ló mú mi wá sọ́dọ̀ Olúwa.

Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì. Ní orí 4, Mefibóṣẹ́tì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, tó já bọ́, tó sì yarọ. Ní orí 9, Dáfídì ránṣẹ́ pè é nítorí Jónátánì, ó sì fi í sídìí tábìlì ọba títí lọ. Ẹ wo bí orí náà ṣe parí: ó ń jẹun nídìí tábìlì ọba nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Bíbélì kò sọ pé Dáfídì ní kó dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá là. Àga rẹ̀ ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ.

Ẹni tó bá sì rò pé ìgbàgbọ́ tí kò tó ló ń dá ìwòsàn dúró, kó wo Joni Eareckson Tada ní Amẹ́ríkà. Ní 1967, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ́ sómi tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún un, òun náà gbà á, kò rìn mọ́. Láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ti dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ Joni and Friends sílẹ̀ ní 1979 fún àwọn ìdílé bíi ti Ìyá Àkọ́bí. Ta ló máa wò ó lójú pé kò nígbàgbọ́?

Ohun kan tó kù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jáwọ́ nínú "abirùn". Àìsàn ni àrùn. Ara mi le. Ẹ pè wá ní àkàndá, tàbí kí ẹ kúkú pe orúkọ wa.

JagunjagunÀdúrà:

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run ń wosàn, mi ò sì ní yé gbà á. Ṣùgbọ́n mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, àti lórí "ẹ wádìí ìdílé". Mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí, nípa ọmọ rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí kò mú ọmọ náà wá sílé mi. Mo rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè.

Nọ́ọ̀sìỌmọdé:

Ẹ pè é lónìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dúró dọ̀la.

BàbáMẹ́ta:

Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní kò lè lóye ohun tó ń ṣe, torí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́, kirómósóòmù, ìyẹn ohun tín-ín-rín tó ń gbé àjogúnbá, 47 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lé sí 46 tiwa. Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló gbé ìyẹn jáde ní 1959. Mo mọ gbogbo èyí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń wọn ìgbàgbọ́.

Ilé ìwé pàápàá ti kọjá ibi tí a wà yìí. Láti 1994 ni aṣojú ìjọba 92 ti pàdé ní Salamanca, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí wọ́n fẹnu kò pé kí ilé ìwé gbogbogbòò gba gbogbo ọmọ, bó ti wù kí ara tàbí ọpọlọ wọn rí. Ní 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àdéhùn kan jáde lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, ẹ̀kọ́ ló wà ní abala 24. Ó máa ń dùn mí pé ní ilé ìwé, mo lè tọ́ka sí ìwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

Olùkọ́KíláàsìỌmọdé:

Bàbá, Máàkù orí 10 ni mo máa tọ́ka sí bí mo bá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń dá àwọn tó ń gbé ọmọ wá lẹ́kun, inú sì bí Jésù. Kò sí ìdánwò tó fún àwọn ọmọ náà. Ó gbé wọn mọ́ra, ó súre fún wọn. Ẹ ní kí olùṣọ́ àgùntàn yín bi ọmọ náà pé, "Ta ni Jésù sí ọ?" kó sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lọ́nà tó bá fi sọ ọ́. Mo ti rí ọmọ kan tó fi ọwọ́ di ara rẹ̀ mọ́ra fún ìdáhùn. Ó tó.

BàbáMẹ́ta:

Gbogbo èèyàn ló ń dì mọ́. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e nìyẹn. Ẹ ṣé.

ÌyáÀkọ́bí:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ṣèlérí pé màá padà wá.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Ohun kan ṣoṣo la bèèrè: ìlà ẹ̀bá ilẹ̀kùn àti sípíkà. Alàgbà kejì ló sọ pé kò rọrùn. Alàgbà àgbà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí ló ń dùn ún gan-an?" Mo ní, "Etí ni, sà." Ó ní òun rò pé ìwàásù ni kò fẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó lọ dáadáa títí ìwàásù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀ẹ̀kejì kò dára. Ẹnì kan ju àwo irin bọ́ lẹ́yìn, ọmọ mi figbe ta, àwọn kan yíjú. Obìnrin kan tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí dìde, ó na ọwọ́ sí i, kò fà á, ó kàn na ọwọ́. Wọ́n jọ lọ sí ẹ̀yìn. Mo jókòó. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo gbọ́ ìwàásù dé àmín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, n kò sì lè sọ ohun tí wọ́n wàásù rẹ̀ fún yín, torí ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àná. Wọ́n ti ní kó máa to nọ́ńbà orin sórí pátákó kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Akọrin kan fún un ní ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí. Ó tò wọ́n, ó yẹra sẹ́yìn, ó wò ó, ó padà lọ tún ẹyọ kan ṣe tó tẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kán an lójú.

Ìṣòro kan ló kù: ohun ìbotí tí a rà ń fún un lórí, ó máa ń ṣí i kúrò lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ń fi ìlà pupa sí i légbẹ̀ẹ́ etí. Ta ló mọ ohun tí a lè ṣe sí i?

Olùkọ́KíláàsìỌmọdé:

Ẹ to ìwé jọ kó fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ dé ohun ìbotí náà mọ́ ìwé náà ní alẹ́, kó wà níbẹ̀ di àárọ̀. Ẹ ṣe é bíi alẹ́ mẹ́ta, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kó má baà fẹ̀ jù.